Ta Ló Rán Aṣọ Ọrùn Yín?

Mo kí yín ní Àpápá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo kí yín ní Ajégúnlẹ̀, láti Boundary dé Tolu, láti Olódì dé Amúkòkò. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà tí ẹ fi ojú títì ṣe ibùsùn, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń pàtẹ láti ìdájí, ọjà á tà, ẹ ó jèrè o. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin télọ̀ wa, tí ẹ̀rọ yín kò tíì tutù láti alẹ́ àná, ẹ̀yin ni mo dìídì kí jù lọ, nítorí pé orí iṣẹ́ yín ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹ wo aṣọ tí ó wà lọ́rùn yín. Ta ló rán an?

N kò béèrè iye tí ẹ rà á. N kò béèrè bóyá ó bá ìgbà mu. Mo ní, ta ló rán an? Níbo ni ẹni náà jókòó sí tí ó fi rán an? Kí ni ó gbà? Ṣé ilẹ̀kùn ibi tí ó wà ṣí sílẹ̀, àbí ńṣe ni wọ́n tì í mọ́ ọn?

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ayé tí a wà yìí, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó rán aṣọ fún wa lè wà ní ìlú tí a kò dé rí, tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí a kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí ojú wa kò sì lè tó ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá aṣọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ohun tí ojú kò bá lè rí, ẹnu ni a fi í wádìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àdúgbò yìí. Ajé gúnlẹ̀. Orúkọ ńlá ni. Ajé tí í sọ àlejò di onílé, ajé tí í sọ ọmọ tálákà di ẹni tí à ń dìde fún láwùjọ, òun ni wọ́n ní ó gba ojú omi wá, tí ó fi ẹsẹ̀ kan iyanrìn ibí yìí, tí ó sì wá ibi jókòó sí. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọ̀ sí ilé Yorùbá, lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní omi tútù, ṣé a kì í béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀? Àwa ńkọ́? Ajé ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé a ti bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbà wá?

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, òwú ni ó ń jáde, aṣọ ni ó ń wọlé. Ní ọdún 1902 ni àwọn oníṣòwò òwú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ British Cotton Growing Association, kí òwú má baà wọ́n àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ wọn. Ẹgbẹ́ náà dé ilẹ̀ Yorùbá, ó dé ilẹ̀ Haúsá. Reluwé kó òwú wá sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbà á lọ́wọ́ reluwé, nígbà tí wọ́n sì kọ́ èbúté Àpápá ní àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ náà tún yá sí i. Òwú wa kúrò nílé bí ọmọ onílé, ó padà wá láti Manchester bí àlejò, ó ti di aṣọ funfun, a sì fi owó rà á. Aṣọ funfun yẹn náà ni àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ń rì sínú aró láti fi ṣe àdìrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ghana àti Senegal.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo gbé dé o. Ní Abẹ́òkúta yẹn kan náà, nígbà tí Ọba Ládàpọ̀ Adémọlá wà lórí oyè Aláké, wọ́n fi òfin de aró òyìnbó àti sódà tí àwọn aláró ń lò, nítorí pé àwọn oníbàárà ń kùn pé aró ń ṣí, pé aṣọ ń gbó kíákíá. Àwọn aláró kò gbà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní oúnjẹ àwọn ni wọ́n fi òfin dè. Ní ọdún 1936, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń bi ara wọn pé kí ni a fi ṣe aṣọ yìí, ta ni yóò jèrè rẹ̀, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ó tó àkókò kan tí òwú wa kò tún ní rìnrìn àjò kí ó tó di aṣọ. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1957. Wọ́n wà ní Ìkẹjà, wọ́n wà ní Ìsọlọ̀, wọ́n dé Adó-Èkìtì. Ẹni tí ó bá rán aṣọ wà nítòsí. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, a ó gbọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà, yóò pariwo. Ṣùgbọ́n iná ọba kò dúró, epo wọ́n, ẹ̀rọ gbó, aṣọ tí a fi fàyàwọ́ kó wọlé sì bo ọjà mọ́lẹ̀, títí tí àwọn ilé iṣẹ́ náà fi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ti Kàdúná ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Ẹ lọ sí Ìsọlọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó bá ọjà ńlá kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aswani. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni. Ọjà ni ó wá jogún orúkọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rédíò yín síbí, ẹ káàbọ̀ o. Ìbéèrè tí a ń bi ara wa ni pé, ta ló rán aṣọ ọrùn yín?

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn dáhùn pé òkìrìkà ni tèmi, bẹ́ńdáùn ni mo ti ṣà á. Ó dára. Ẹ bá mi dé ọjà Boundary ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Béèlì wà nílẹ̀, ó le bí òkúta, okùn ọ̀rá ni wọ́n fi dì í pinpin. Ìyá tí ó rà á kò tíì rí inú rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òwò náà rí: owó ni ó ń ṣáájú, ojú ni ó ń kẹ́yìn. Ó ti kó owó àjọ lé e, ó ti yá kún un. Ó fi abẹ gé okùn. Béèlì mí kanlẹ̀, aṣọ tú jáde, òórùn kánfọ̀ gba ibẹ̀ kan, àwọn tí ó ti ń dúró sì ya bò ó. Ìyá náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń wò. Èyí tí ó dára bọ́ sí ọ̀tún. Èyí tí ó ní àbàwọ́n bọ́ sí òsì. Èyí tí sípù rẹ̀ ti kú, tí abíyá rẹ̀ ti pọ́n, tí ó ti ya, bọ́ sẹ́yìn. Bí òkìtì ẹ̀yìn bá ga ju ti ọ̀tún lọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè bí ọjà ti rí.

N kò bá ìyá yìí wí. Òfin ilẹ̀ wa kà á léèwọ̀ láti kó aṣọ àlòkù wọlé láti òkèèrè, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu wọlé, ó ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àìmọye ọmọ ló sì ti ti ara rẹ̀ ka ìwé jáde. Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ó bọ́ ọ sílẹ̀ ní òkè òkun, bóyá ọmọ wa kan tí ó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó rò pé òun ṣe àánú. Ó kó o fún ẹgbẹ́ aláàánú, wọ́n ṣà á, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n tà á fún oníṣòwò, oníṣòwò dì í ní béèlì, ìyá tí mo ń wí yìí ni ó sì wá ń san owó ohun tí a fi ṣe àánú.

Àwọn ará Ghana ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní obroni wawu, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òyìnbó kan ti kú. Lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i, aṣọ tí ó dára tó báyìí, àfi kí ẹni tí ó ni ín ti lọ sí ọ̀run kí ó tó lè bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, òyìnbó náà kò kú. Ó wà láàyè, ó wọ̀ ọ́ ní ìgbà méjì, ó sú u, ó sì ti ra òmíràn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí ọ̀rọ̀ ti wá ń lọ yìí, ọmọ ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní àkísà ju bàbá bàbá rẹ̀ lọ. Níbo ni àkísà náà ń gbé? Ọ̀dọ̀ wa ni. Ọjà Kantamanto ní Accra, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó tóbi jù lágbàáyé fún irú òwò yìí, jóná ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá ọjà wọn nínú eérú. Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa, òkìtì ẹ̀yìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, gọ́tà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá lọ. Òwú ń jẹrà, ó ń di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣọ òde òní kì í ṣe òwú mọ́. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti fà á yọ bí wọ́n ti ń ṣe ike. Kì í jẹrà. Bí òjò oṣù Keje bá wá dé, tí omi kò rí ọ̀nà lọ, tí ó wọ yàrá yín dé orí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹ bá fi igi tú ojú gọ́tà, kí ni ẹ kọ́kọ́ ń fà jáde?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín láti béèrè. Ta ló rán an?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Bangladesh, ní Savar tí kò jìnnà sí olú-ìlú wọn, ilé alájà púpọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza. Báǹkì àti ṣọ́ọ̀bù wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn aránṣọ wà lókè, ọ̀dọ́bìnrin ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ògiri sán. Báǹkì kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn. Àwọn aránṣọ ńkọ́? Àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé ọjà àwọn oníbàárà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n padà wá. Ilé wó lù wọ́n. Àwọn tí ó kú lé ní 1,100.

Nígbà tí wọ́n ń hú òkú àti alààyè jáde nínú àwókù náà, wọ́n ń rí àwọn pélébé aṣọ kéékèèké tí a máa ń rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀wù, tí orúkọ àwọn ilé-ìtajà ńláńlá wà lára rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn ilé-ìtajà náà sì ní àwọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹnìkan, ẹni náà gbé e fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn tún gbé e sókè ilé tí ògiri rẹ̀ ń sán.

Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé òwe yìí wò dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo wá sọ wà. Ọmọbìnrin tí ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rí ògiri. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ọ̀gá tí ó rán an níṣẹ́, ọ̀gá bẹ̀rù oníbàárà tí ó rán òun náà, oníbàárà sì wà ní ọ̀nà jíjìn, ó ń fẹ́ aṣọ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó ń fẹ́ ẹ kíákíá. Bí ìbẹ̀rù bá ń gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ránṣẹ́, ẹ̀bi náà gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá a. Lẹ́yìn àjálù yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ńlá àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn tí òfin lè fi mú wọn, pé kí a máa yẹ ilé wò, kí ilẹ̀kùn àsálà wà, kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ bí ó bá rí ewu. Ó ṣeé ṣe, wọ́n ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé òkú pọ̀ kí wọ́n tó ṣe é ni.

Kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìlú àjèjì ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ní Odógunyàn ní Ìkòròdú, iná ṣẹ́ yọ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi rọ́bà ṣe ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni kò jáde. Òfin ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa ti ka títi ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ léèwọ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí rédíò, ta ló rán aṣọ ọrùn yín? Ìbéèrè náà ti ń súnmọ́ ilé báyìí o.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, mo lọ gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Olódì. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ni wọ́n ń rán, ọjọ́ kejì sì ni ìnáwó náà. Mo dúró níta, mo gba ojú irin ẹnu ọ̀nà wo inú. Ẹ̀rọ mẹ́ta ń sáré nínú yàrá kan tí kò gba bẹ́ẹ̀dì méjì. Jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín rẹ̀ ń gba fèrèsé wọlé. Wọ́n ti àgádágodo mọ́ irin náà nítorí olè. Mo ní kí wọ́n ṣí i fún mi. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì ti jáde lọ wá sípù. Lórí àjẹkù léèsì tí wọ́n gbá jọ sí igun yàrá, ọmọ iṣẹ́ kan ti sùn lọ, ọmọbìnrin kékeré, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń gé okùn ara rẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ, mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ni ín. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fún wọn láti rán an, mo sì ti dúnàádúrà lórí owó rẹ̀ títí ọ̀gá náà fi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un wá.”

Ẹ̀rín yẹn, mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Iye tí mo yọ nínú owó rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí ó lè ti yọ ọ́ bí kò ṣe lára oorun ọmọ náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ilé-ìtajà ńlá ti Yúróòpù, oníbàárà ni. Àwa náà, oníbàárà ni wá. Alága ìnáwó tí ó ta aṣọ ẹbí ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ ìnáwó, tí ó ti jẹ èrè tirẹ̀ lórí gbogbo písì, ó ti rán ogójì ènìyàn lọ bá télọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Onílé-ẹ̀kọ́ tí ó gbé yunifọ́ọ̀mù fún ẹni tí ó pe owó tí ó kéré jù lọ, tí ó ní òun ń fẹ́ ẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wọlé, kò béèrè iye ọmọ iṣẹ́ tí kò ní sùn. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ àdúgbò, gbogbo wa ni. Ẹni tí ó bá sì gba aṣọ tán tí ó ní “n ó fi owó ránṣẹ́,” tí oṣù méjì kọjá, kí ni ó fẹ́ kí ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́ jẹ?

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ìjọba pẹ̀lú, n kò ní fà á gùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba máa kọ́kọ́ ra ohun tí a ṣe nílé, ó sì dárúkọ yunifọ́ọ̀mù àti bàtà nínú rẹ̀. Aránṣọ tí ó wà ní Ajégúnlẹ̀ lè rán aṣọ ọlọ́pàá. Ó lè rán aṣọ nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá, kí wọ́n sì gbé e wá pẹ̀lú owó tí ó tó àti ọjọ́ tí ó tó, kí a má baà tún fi orúkọ ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, mo mọ̀ pé olè wà. Mo mọ̀ pé iná kò sí. N kò sọ pé kí ẹ fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ fún jàǹdùkú. Ṣùgbọ́n ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú ilé, níbi tí ọwọ́ ọmọ tí ó kéré jù lè tó. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jáde síta gbangba. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ẹ fi ẹnu kò sórí iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán aṣọ kéré sí, kí oníbàárà bíi tèmi má baà máa fi ọ̀kan na èkejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní aṣọ nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé lọ fún télọ̀. Ẹ gbé e lọ lónìí, ẹ má dúró di ọjọ́ mẹ́ta sí ìnáwó. Ẹ san owó rẹ̀ pé. Bí ẹ bá sì ti gbé aṣọ kalẹ̀, kí ẹ tó yí ẹ̀yìn padà, ẹ bá mi wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ sì béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.